Wọn Kò Jẹ́ Kí N Pàdánù ní Ìyànà-Ìbà

Òdo. Iye eré káàdì tí mo borí ní tòótọ́ nìyẹn, láti ọjọ́ tí mo ti kọ́kọ́ wọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà-Ìbà títí di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì tí mo fẹ́ ròyìn rẹ̀ yìí. Ọ̀gá tó ni ṣọ́ọ̀bù náà kò fẹ́ kí ará ìta gbọ́ ọ. Àwọn tí a jọ ń ta káàdì kò fẹ́ kí èmi pàápàá gbọ́ ọ. Ìyàwó mi, tó gbọ́ ọ gbẹ̀yìn, ní kí n má ṣe dán an wò kí n kọ ọ́ jáde, nítorí pé òun ti dúpẹ́ lórí àwọn ìborí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, Ọlọ́run kì í sì í dá ọpẹ́ padà. Ṣùgbọ́n èmi tí mo ti lo ọjọ́ ayé mi láti máa bu ẹnu àtẹ́ lu àwọn tó ń yí èsì ìbò, ojú wo ni n ó fi bo èsì tèmi mọ́lẹ̀?

Olùkọ́ ni mí ní yunifásítì. Èmi náà ni mo máa ń kọ àwọn àròkọ gígùn kan sínú ìwé ìròyìn, irú èyí tí àwọn ènìyàn máa ń sọ pé àwọn ti kà, tí wọn yóò sì tètè yí ọ̀rọ̀ sí ojú ọjọ́ kí n tó bi wọ́n ní ìbéèrè. Ọmọ Èkìtì ni mí; a kì í tọrọ àforíjì nítorí orí kunkun wa. Ọmọ mi ọkùnrin tó lọ sí Kánádà ló kó mi sínú ọ̀rọ̀ yìí. Ó fi odidi páálí káàdì kan sílẹ̀ lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì rẹ̀.

Káàdì náà kì í ṣe wọ́ọ̀tì tí gbogbo ayé mọ̀. Irú èyí tí à ń rà ní pákẹ́ẹ̀tì láì mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni, tí à ń bá ara wa pààrọ̀, tí olúkúlùkù sì fi ń ṣa ọmọ ogun tirẹ̀ jọ. Àwòrán ẹranko abàmì àti jagunjagun ló wà lójú wọn. Bí ẹni méjì bá jókòó láti ta á, ogún ẹ̀mí ni ẹnì kọ̀ọ̀kan ní; ẹni tí ẹ̀mí rẹ̀ bá kọ́kọ́ tán ló pàdánù. Nígbà tí ìyàwó mi ṣí páálí náà, tó rí ẹ̀dá olórí mẹ́ta kan tí iná ń yọ lẹ́nu rẹ̀, òróró àdúrà ló sáré lọ mú. Mo ní kó fara balẹ̀, pé mo mọ ṣọ́ọ̀bù kan ní Ìyànà-Ìbà tí wọ́n ti ń ta irú rẹ̀, n ó gbé e lọ fún wọn. Mo gbé e lọ lóòótọ́. Mo tún gbé e bọ̀.

Ní ọ̀sán, iṣẹ́ àṣekágbá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ni wọ́n ń tẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù yẹn, wọ́n sì ń ta ìbòrí fóònù. Bí ó bá di ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Ẹtì, ọ̀gá yóò ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé mọ́ ògiri, yóò to tábìlì, eré yóò sì bẹ̀rẹ̀. Ọmọ sójà ni ọ̀gá yìí, inú bárékè Ọ̀jọ́ ni wọ́n bí i sí. Ọkùnrin tí kì í fi ọ̀rọ̀ ṣòfò. Lára pátákó funfun kan ló ń kọ iye ìgbà tí olúkúlùkù borí sí. Orúkọ mi ló wà lókè pátápátá. “Pròf” ni wọ́n kọ síbẹ̀. N kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ìgbìmọ̀ tó yẹ kó fi mí joyè náà ṣì jókòó lé ọ̀rọ̀ mi lórí. Ṣùgbọ́n n kò bá wọn tún un ṣe ní ṣọ́ọ̀bù. Mo gbà pé àwọn ọ̀dọ́ wa máa ń rí òtítọ́ ṣáájú ìgbìmọ̀.

Nínú ayò, ọ̀ta ni à ń pe ẹni tó mọ̀ ọ́n ta, òpè sì ni ẹni tí kò mọ̀ ọ́n. Mo wo ara mi láti orí dé ẹsẹ̀, ọ̀ta ni mo rí. Báwo ni n kò ṣe ní rí i bẹ́ẹ̀? Sójà ọ̀dọ́ kan wà láàárín wa, aláyà gbígbòòrò tó máa ń ti bárékè wá pẹ̀lú ṣòkòtò péńpé àti sálúbàtà. Bí mo bá ti gbé ẹ̀dá olórí mẹ́ta mi kalẹ̀, yóò da ojú gbogbo káàdì rẹ̀ dé, yóò dìde dúró ṣánṣán, yóò sì kí mi bí wọ́n ti ń kí ọ̀gágun.

“Pròf, ẹ ti fọ́ mi! Ẹ ti tú ibùdó mi ká!”

N ó wá bẹ̀rẹ̀ sí ṣàlàyé ibi tó ti ṣìṣe fún un, pẹ̀lú àpẹẹrẹ láti inú ìtàn ogun Kírìjì. Ó máa ń gbọ́ ọ dé òpin. Mo rò pé ẹ̀kọ́ ló ń kọ́.

Ẹni tí mo máa ń kọ́ jù ni ọmọbìnrin kan láti Òkòkómáíkò tó ṣẹ̀ṣẹ̀ parí ìdánwò àṣekágbá rẹ̀, tó ń retí ìwé agùnbánirọ̀. Ó kéré lára, kì í sì í pariwo. N ó dúró lẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó bá ń bá ẹlòmíràn ta, n ó na ìka sí káàdì kan lọ́wọ́ rẹ̀: “Èyí ni kí o sọ sílẹ̀.” “Ẹ ṣé gan-an, sà,” ni yóò dá mi lóhùn. Bí mo bá ti yẹsẹ̀, òmíràn ni yóò sọ sílẹ̀, yóò sì borí. Mo gbà nígbà náà pé ìmọ̀ràn mi jinlẹ̀ débi pé ó máa ń pẹ́ díẹ̀ kó tó ṣiṣẹ́ lára ènìyàn.

Ìrọ̀lẹ́ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìrọ̀lẹ́ lásán. Àwọn ará ṣọ́ọ̀bù ńlá kan ní Súrùlérè ti ránṣẹ́ sí gbogbo ṣọ́ọ̀bù kékeré pé kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fi ẹnì kan ṣoṣo ránṣẹ́ sí ìdíje àwọn. Àwọn tó bá sì ṣe dáadáa níbẹ̀ ni wọn yóò kó lọ díje ní Gánà. Ẹni tó bá borí nínú eré ìkẹyìn ní ìrọ̀lẹ́ yẹn ni yóò lọ fún wa. Gbogbo wa la mọ ohun tó wà lọ́kàn ọmọbìnrin náà. Láti ìgbà tó ti wọ yunifásítì ló ti ń dúró de irú àyè yìí. Ó ti gba ìwé ìrìnnà, bẹ́ẹ̀ kò kọjá Badagry rí láyé rẹ̀. Bí ìwé agùnbánirọ̀ bá dé, ó lè jẹ́ Òkè Ọya ni wọn yóò rán an lọ. Kò sí ẹni tó mọ̀ bóyá àyè bẹ́ẹ̀ yóò tún yọ fún un. Mo mọ gbogbo èyí. Mo tilẹ̀ káàánú rẹ̀, bí olóṣèlú ti ń káàánú ará ìlú láti inú mọ́tò tí wọ́n ti gíláàsì rẹ̀ pa.

Ṣùgbọ́n èmi ti sọ fún gbogbo ayé pé èmi ni mò ń lọ. Mo sọ ọ́ ní yàrá àwọn olùkọ́. Ìyàwó mi sọ ọ́ fún ẹgbẹ́ àwọn ìyá rere, ó sì rán bùbá tuntun fún mi, nítorí pé kò sí ẹni tó mọ irú aṣọ tí wọ́n ń wọ̀ lọ síbi ìjà ẹranko abàmì. Mo sọ èyí náà ní ṣọ́ọ̀bù, pẹ̀lú ẹ̀rín. Inú gbogbo wọn dùn. Mo rántí nísinsìnyí pé inú wọn dùn jù.

Èmi àti ọmọbìnrin náà ló kù fún eré ìkẹyìn. Àga kan ṣoṣo tó ní ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń fi sílẹ̀ fún mi, ó sì máa ń kọjú sí ẹnu ọ̀nà kí atẹ́gùn lè fẹ́ sí mi. Ní ìrọ̀lẹ́ yẹn, èéfín ń ti ìdí ìkòkò obìnrin oníẹ̀wà tó wà níwájú ṣọ́ọ̀bù wọlé, ó sì gbà mí lọ́fun. Mo ní kí a pààrọ̀ ìjókòó. Bí èmi ṣe wá kọjú sí inú ṣọ́ọ̀bù nìyẹn, tí ọmọbìnrin náà sì kọ̀yìn sí àpótí gíláàsì gíga tí wọ́n ń kó ìbòrí fóònù sí. Gílóòbù wà lókè orí rẹ̀. Bó bá ti gbé káàdì ọwọ́ rẹ̀ sókè, ojú wọn ń hàn kedere lára gíláàsì náà, lókè èjìká rẹ̀.

Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé n kò mọ̀ọ́mọ̀ wò ó.

Mo wò ó.

Ẹ̀mí mẹ́ta péré ló kù fún mi, ṣùgbọ́n ọmọ ogun mi kún orí tábìlì bí èrò ọjà Alábà. Òun ní ẹ̀dá kékeré kan ṣoṣo. Mo ti ń ronú ọ̀rọ̀ tí n ó sọ ní Súrùlérè nígbà tó mú káàdì tuntun láti inú èyí tó dojú dé níwájú rẹ̀, tó sì gbé e mọ́ ti ọwọ́ rẹ̀. Etí káàdì náà pupa. Kò sí ẹni tó ń ta eré yìí tí kò mọ káàdì elétí pupa yẹn. Agbálẹ̀ ni à ń pè é, nítorí pé ẹni tó bá sọ ọ́ sílẹ̀ yóò fi gbá gbogbo ọmọ ogun alátakò rẹ̀ kúrò lórí tábìlì bí ẹni gbá pàǹtí. Bó bá sọ ọ́ sílẹ̀, ẹ̀dá kékeré rẹ̀ yẹn ti tó láti gba ẹ̀mí mẹ́ta tó kù fún mi. Mo di ẹsẹ̀ tábìlì mú.

Ọmọbìnrin náà wo Agbálẹ̀. Ó wò ó pẹ́. Ó wá da ojú gbogbo káàdì ọwọ́ rẹ̀ dé sórí tábìlì, ó sì rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Ẹ ti pa mí, sà. Kò sí nǹkankan lọ́wọ́ mi mọ́.”

Ènìyàn tó ní làákàyè ì bá ti bá a bọ ọwọ́, kó sì máa lọ sílé. Ṣùgbọ́n irọ́ ni mo gbọ́, bí mo bá sì ti gbọ́ irọ́, ẹsẹ̀ mi kì í dúró de ọpọlọ mi. Mo fò dìde.

“Irọ́ nìyẹn! Irọ́ gbuu!”

“Pròf, kí ló dé?” ni ọ̀gá bi mí.

“Ẹ ṣí káàdì ọwọ́ rẹ̀! Ẹ ṣí i kí gbogbo ènìyàn rí i! Ohun tó ń ba orílẹ̀-èdè yìí jẹ́ nìyí! Bí a kò bá lè rí òtítọ́ lórí tábìlì kékeré yìí, níbo la ti fẹ́ rí i? Ní Àbújá?”

Sójà na ọwọ́, ó ṣí àwọn káàdì náà. Agbálẹ̀ sùn sáàárín wọn, etí rẹ̀ pupa bí ojú mi.

“Ẹ wò ó!” ni mo wí. “Ó ní kò sí nǹkankan lọ́wọ́ òun, bẹ́ẹ̀ Agbálẹ̀ ló fi pamọ́! Mo bi ọ́ níwájú gbogbo wọn, kí ni ènìyàn ń pe irú ìwà yìí? Ẹni tó bá fi káàdì pamọ́ kó lè… kó bàa lè…”

Mo wá ọ̀rọ̀ tó kù, n kò rí i. Ẹni tó bá fi káàdì pamọ́ kó lè ṣe kí ni? Kó lè pàdánù. Mo ya ẹnu sílẹ̀ láàárín ṣọ́ọ̀bù, n kò sì rí òfin kankan tí ẹ̀ṣẹ̀ náà lòdì sí.

Sójà ló gbà mí sílẹ̀, bí a bá lè pè é ní ìgbàlà.

“Pròf, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú o. Báwo lẹ ṣe mọ̀ pé Agbálẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹ̀?”

Gbogbo ojú yí sí mi. Wọ́n tún yí láti ọ̀dọ̀ mi sí àpótí gíláàsì. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó sì fi ikọ́ bò ó mọ́lẹ̀.

“Ẹ jókòó, Pròf,” ni ọ̀gá wí jẹ́ẹ́jẹ́. “Kò sẹ́ni tó jí nǹkan yín. Àwa là ń fún yín.”

“Ẹ ń fún mi ní kí ni?”

“Ìborí, sà.”

“Láti ìgbà wo?”

“Láti ìgbà kejì tí ẹ wá.”

“Gbogbo rẹ̀?”

“Gbogbo ẹ̀, sà.”

Mo kọjú sí sójà. Mo ní kó rántí ọjọ́ tí mo tú ibùdó rẹ̀ ká pẹ̀lú ọgbọ́n Kírìjì. Ó gbá orí rẹ̀ mú.

“Háà, Pròf! Ọjọ́ yẹn ló nira fún mi jù! Ẹ ò mọ̀ ọ́n ta rárá, ẹ dárí jì mí. Iṣẹ́ ńlá ni kéèyàn tó lè pàdánù fún yín. Nígbà mìíràn mo ti pa yín tán, ẹ ò sì mọ̀, màá wá máa ronú ohun tí mo fẹ́ fi ara mi ṣe.”

Mo di igi kan mú, bí ẹni tí odò ń gbé lọ. “Ó dára,” ni mo wí. “Ọ̀wọ̀ ni. Ẹ̀kọ́ ilé ni. Ẹ kò fẹ́ na àgbàlagbà ní gbangba.”

Ọ̀gá wo ilẹ̀. “Ọ̀wọ̀ wà ńbẹ̀, sà. Ṣùgbọ́n ẹ rántí ọjọ́ àkọ́kọ́. Sójà nà yín. Ẹ dìde. Ẹ ní ká gbé òfin eré wá. Nígbà tá a gbé e wá, ẹ ní ta ló ṣe é, ta ló dìbò fún un. Ẹ bọ́ sórí ọ̀rọ̀ òyìnbó amúnisìn, ẹ dé orí ọ̀rọ̀ iná mànàmáná. Àwọn tó wá tẹ̀wé lọ sí ṣọ́ọ̀bù kejì. Ìyá oníẹ̀wà palẹ̀ mọ́, ẹ̀wà ò sì tíì tán. Lẹ́yìn tí ẹ lọ, a forí korí. A ní, tí Pròf bá ń borí, inú wọn á máa dùn, wọ́n á máa lọ sílé, àwa náà á sì ráyè ṣeré.”

Igi náà já. Kì í ṣe ewú orí mi ni wọ́n ń bọlá fún. Ẹnu mi ni wọ́n ń san ìṣákọ́lẹ̀ fún, bí ìlú kékeré ti ń ṣe fún ọba òǹrorò, kó má baà kógun wá. Àwọn tí mo sì ti fi gègé mi gún nínú ìwé ìròyìn sàn jù mí lọ ní ọ̀nà kan: wọ́n mọ̀ pé àwọn jí ìbò. Èmi jí i, mo sì ń ṣe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ lórí bí mo ṣe borí.

Mo wo ọmọbìnrin náà. Kò tíì gbé ojú sókè.

“Ìwọ náà ńkọ́?” ni mo bi í. “Lónìí, nínú gbogbo ọjọ́?”

“Ẹ ti sọ fún gbogbo èèyàn pé ẹ̀yin lẹ ń lọ, sà. Ẹ ní Mọ́mì ti rán bùbá. Mo wá ń rò ó pé, tí mo bá nà yín, báwo lẹ ṣe máa wọlé tọ̀ wọ́n?”

“Gánà ńkọ́?”

Ó fi ìka tún etí káàdì kan tó tẹ̀ ṣe. “Ó ń dùn mí, sà,” ló wí.

Mo ti gbọ́ ọ̀rọ̀ líle ní ayé mi. Wọ́n ti kọ lẹ́tà èébú sí mi, alákòóso kan sì ti pè mí ní ọ̀tá ìlọsíwájú. Kò sí èyí tó bá mi níbi tí gbólóhùn kékeré yẹn bá mi. Ọmọ ọlọ́mọ ń gbé ohun tó ti ń dúró dè láti ọdún pípẹ́ fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, kí n má baà wọlé tọ ìyàwó mi pẹ̀lú ojú ẹ̀sín, èmi sì ń pè é ní òpùrọ́ níwájú èrò.

“Eré kò tíì parí,” ni mo wí. “Kó káàdì rẹ. Ohun tó yẹ kí o ta, ta á.”

“Mi ò lè ṣe é, sà.”

“Ta á ni mo wí!”

“Á ta á,” ni ọ̀gá wí, “tí Pròf bá ṣèlérí pé àwọn ò ní sọ̀rọ̀ títí eré á fi parí.”

“Kódà àmín,” ni sójà fi kún un, “ẹ má ṣe é.”

Mo ṣèlérí. Mo tún yí àga mi kúrò níwájú gíláàsì, èéfín sì bẹ̀rẹ̀ sí wọ ojú mi. Ọmọbìnrin náà gbé Agbálẹ̀ sílẹ̀ wẹ́rẹ́, bí ẹni gbé ọmọ tó sùn. Ẹ̀dá olórí mẹ́ta mi lọ. Gbogbo wọn lọ. Ẹ̀dá kékeré rẹ̀ wá rìn wọlé sí mi, ó sì gba ẹ̀mí mẹ́ta tó kù. Ó parí.

Ní tòótọ́, mo rí ohun kan. Gbólóhùn kan wà ní ìsàlẹ̀ Agbálẹ̀ tó ṣeé túmọ̀ ní ọ̀nà méjì, mo sì lè fi ìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ọ̀nà kejì ló tọ́. “Lákọ̀ọ́kọ́ ná” ti dé orí ahọ́n mi. Sójà rí i níbẹ̀. Ó gbé ìka sókè sí mi bí olùkọ́ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Mo gbé e mì. Ó korò.

“Ẹ má bínú, sà,” ni ọmọbìnrin náà wí, ó sì kúnlẹ̀. Mo fi ọwọ́ gbé e dìde. Ọ̀gá kọ orúkọ rẹ̀ ránṣẹ́ sí Súrùlérè lójú ẹsẹ̀. Bí mo ti ń kọjá níwájú obìnrin oníẹ̀wà, ó wo ojú mi, ó ní, “Pròf, ṣé ẹ ti sọ̀rọ̀ tán ni àbí kí n máa palẹ̀ mọ́?” Mo fi orí dá a lóhùn. Bùbá náà ni mo wọ̀ lọ sí kíláàsì ní ọjọ́ Ajé.

Ìtàn yìí ì bá parí síbẹ̀ pẹ̀lú ọlá díẹ̀ fún mi. Ṣùgbọ́n mo padà síbẹ̀ ní ọjọ́ Ẹtì tó tẹ̀ lé e. Mo bá sójà jókòó. A kò tíì ta á jìnnà tó fi da ojú káàdì rẹ̀ dé, tó dìde ṣánṣán, tó sì kí mi bí ọ̀gágun.

“Pròf! Ẹ ti fọ́ mi!”

Ọ̀gá ti mú gègé, ó ń lọ síbi pátákó. Ọmọbìnrin náà pẹ̀lú, tí Súrùlérè ń dúró dè, ń pàtẹ́wọ́ fún mi. Ìlérí tí mo ṣe kò kọjá eré kan ṣoṣo lójú wọn. Wọ́n sì mọ̀ mí.

Nítorí náà, ẹ̀yin tí ọ̀rọ̀ yìí wà lọ́rùn yín, ìwọ ọ̀gá ṣọ́ọ̀bù tó ń kọ irọ́ sára ògiri, ìwọ sójà tó ń túúbá níbi tí kò sí ogun, àti ìwọ ọmọbìnrin tí àánú rẹ fẹ́rẹ̀ẹ́ já ọ sí òfo: n kò bẹ̀ yín, mo pa á láṣẹ ni. Ẹ pa iye tí ẹ kọ síwájú orúkọ mi rẹ́. Ẹ má tún mú àyè tó tọ́ sí ẹnikẹ́ni, ìbáà jẹ́ ti Súrùlérè, ìbáà jẹ́ ti ìjókòó lásán, kí ẹ fi ra ìdákẹ́jẹ́ lọ́wọ́ mi. Ní ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, ẹ nà mí bí ẹ ti ń na ara yín. Bí mo bá dìde láti sọ̀rọ̀, kí ẹnikẹ́ni má dúró gbọ́ mi: ẹ máa ta káàdì yín lọ.